Àpótí tí Mo Dà fún Noroseheno

Ìkòkò ni mo ń dà ní Ambatolampy.
Bàbá mi dà á, ọwọ́ rẹ̀ jó; ọwọ́ tèmi náà ti jó.
Ẹ kó ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó wá, ẹ kó ṣíbí tó ti ká,
mo mọ ìṣẹ́jú tí wọ́n máa ń di omi.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Tíṣà Ralaivao gbé bébà wá,
ohun tó yà síbẹ̀ dà bí ìkòkò tí kò ní ikùn:
ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ìdí rẹ̀ há, ó ń yọ́ wọ ilẹ̀ lọ.
Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ sè nínú èyí?"
Ó ní, "Ọmọbìnrin ni." Ó rẹ́rìn-ín.
"Ibẹ̀ ni yóò ki ọ̀pá bọ̀ kí ó tó fò."
Mo pe owó ìkòkò alábọ́dé fún un. Ó san ìdajì.
Ìdajì yòókù ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ títí di òní.

A rì í mọ́ ilẹ̀ pupa lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́.
Ogójì àpò tí a fi ìyàngbò ìrẹsì kún, ibẹ̀ ni yóò balẹ̀ sí,
fóòmù àga bọ́ọ̀sì mẹ́fà lórí wọn.
Adìyẹ a máa wá ṣa ìrẹsì níbẹ̀,
Noroseheno á kọ́kọ́ lé wọn ná.
Okùn ni wọ́n ta dípò irin ìdábùú,
téèpù ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n,
kò gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ:
wọ́n á wọ̀n, wọ́n á fi èédú sàmì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ níbi àmì.
Ọparun ni ọ̀pá rẹ̀. Mẹ́rin ti ṣẹ́.
Ìkẹta fi àpá sí i lágbọ̀n.

Tíṣà fúnra rẹ̀ kò fò rí. Ìṣirò ló ń kọ́ wọn.
Ìwé kan ló ní, àwòrán mẹ́sàn-án, ìkẹfà ti ya dànù.
Nítorí náà, láàárín ìkarùn-ún sí ìkeje,
nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà lókè tí orí wà nísàlẹ̀,
ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó yẹ kí ara ṣe.
Ojoojúmọ́ ló ń wá àwòrán kẹfà nínú afẹ́fẹ́.

Lóṣù kẹfà, ọ̀pá gidi kan ti òkè òkun dé,
ẹnì kan tí eegun rẹ̀ ti gbó ló fi ta wá lọ́rẹ.
Ó sùn ní èbúté Tamatave fún oṣù kan àbọ̀,
aṣọ́bodè kò mọ orúkọ tí yóò fi gba owó orí rẹ̀.
Níkẹyìn ó wọ bọ́ọ̀sì. Ó gùn ju bọ́ọ̀sì lọ.
Dẹ́rẹ́bà, ọmọlúàbí ènìyàn, kò fẹ́ kó máa wọ́ nílẹ̀,
ó yá ayùn, ó gé e sí méjì,
ó dì í pọ̀ dáadáa, ó fi ẹ̀rín gbé e fún wa.

Ta ni yóò bú u?
Noroseheno wo inú ihò rẹ̀ bí ẹni ń wo kànga.
Wọ́n gbé e tọ̀ mí wá. Mo da òrùka, mo so ó pọ̀,
iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe láyé mi. Kò mì.
Ohun tó burú gan-an nìyẹn.
Ó sáré, ó ki í bọ àpótí, ọ̀pá dúró gbọn-ingbọn-in,
ó dá a padà fún wa bí ìlẹ̀kùn tó tì.
Ọmọ náà gbọn eruku nù. "Bàbá Njara,
ohun tí kò bá lè tẹ̀ fún mi kò lè gbé mi."
Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi.

Gbèsè ni mo wá gbà ní Sátidé tó kọjá, kì í ṣe ìran.
Ọparun karùn-ún ló gbé, ó ṣì ń rùn bí igbó.
Ó sáré láìwọ bàtà. Ọ̀pá wọ àpótí mi:
kòn! Mo mọ ohùn yẹn láàárín ẹgbẹ̀rún ìkòkò.
Ọparun tẹ̀, ó tẹ̀, mo di eyín mú,
ẹsẹ̀ lókè, orí nísàlẹ̀,
níbẹ̀, níbi tí ìwé ti ya,
ó fi ìbàdí ṣe nǹkan kan tí n kò lè ṣàlàyé,
Tíṣà sì ń pariwo, "Ìyẹn! Ìyẹn!"
ó ń wá bírò kiri nínú àpò.
Okùn kò mì. Adìyẹ fọ́n ká.

Mítà méjì àti ọgọ́rin sẹ̀ńtímítà,
bí àmì èédú kò bá purọ́.
Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí n tó rántí owó mi.