Ohun Tó Ti Wà Tẹ́lẹ̀

Àgbọ̀nrín kan ló yọ láti inú igbó
nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, lójú ọ̀nà Kakabeka.
Mo rí ojú rẹ̀ kí n tó rí ara rẹ̀.
Mo tẹ bíréèkì; yìnyín ò gbédè bíréèkì.
Ó ṣubú, ó dìde, ó gbọnra, ó lọ.
Èmi ni mo kù síbẹ̀ pẹ̀lú iná iwájú kan ṣoṣo,
bí olójú kan tó ń wá èkejì rẹ̀ nínú òjò dídì.

Ní ọjọ́ kẹta mo gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Tauno,
lẹ́bàá ojú irin, ní Thunder Bay.
Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì,
ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dun ẹṣin.
Kò sọ̀rọ̀. Ó wọlé. Ẹ̀rọ pọ ìwé jáde, ojú ewé mẹ́rin.

Mo ti ka ìwé lọ́yà rí, mo ti ka ìwé ilé ìfowópamọ́,
mo ti ka èyí tí ilé ìwòsàn kọ nípa Veikko,
ṣùgbọ́n ìwé yìí, mo kà á, kà á,
kò kà mí sí.

"Jókòó, Aune." Ó gbé kọfí síwájú mi.
"Má tíì wo ìsàlẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sáré wo ìsàlẹ̀.
Wo ọ̀rọ̀ yìí: *pààrọ̀*. Wo èyí: *tún ṣe*.
Bọ́ńpà, a ó pààrọ̀ rẹ̀; ó ti ya, kò ṣe é rán.
Bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ó tún un ṣe: wákàtí mẹ́ta ààbọ̀.
Kì í ṣe wákàtí aago ara ògiri o, ti inú ìwé ni.
Bí ọwọ́ mi yá, bí ọwọ́ mi lọ́ra,
mẹ́ta ààbọ̀ náà ni n ó gbà."

Fẹ́ńdà ní lẹ́tà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́.
"Òun ló ń sọ bóyá àwọn tó ṣe mọ́tò ló ṣe é,
tàbí aláfarawé,
tàbí a yọ ọ́ lára mọ́tò tó ti kú."
"Èyí ńkọ́?"
"Ti òkú ni. Adójútòfò ló yàn án. O lè kọ̀ ọ́."
Mo rò ó wò. Mo ní kó fi sílẹ̀.
Kí òkú ran alààyè lọ́wọ́, kò burú.

"Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn iwájú ò fara pa.
Kí ló dé tẹ́ ẹ kọ ọ̀dà sí i?"
Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín.
"Pupa kì í ṣe pupa kan náà, Aune.
Oòrùn ọdún mọ́kànlá ti bu tìrẹ jẹ.
Bí mo bá kun tuntun dúró létí fẹ́ńdà, ojú á rí ààlà.
Mo gbọ́dọ̀ fà á wọnú ilẹ̀kùn, díẹ̀díẹ̀,
títí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ ibi tí jàǹbá parí sí."

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là ó lé díẹ̀.
Ìyẹn náà kò tíì parí, ó ní:
bí a bá tú bọ́ńpà, a lè bá ohun mìíràn lẹ́yìn rẹ̀;
a ó ya fọ́tò, a ó kọ àfikún, adójútòfò á san án.
Tèmi ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, bó pọ̀, bó kéré.

Ojú ewé kẹrin ni mo ti bá a:
*Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀tún. Ó tẹ̀ wọnú. Ti wà tẹ́lẹ̀.*
Níwájú rẹ̀, òdo.

Veikko ni. Ó ń gbé ọkọ̀ àjẹ̀ lé orí mọ́tò,
ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, imú ọkọ̀ já lu ilẹ̀kùn.
Ó bú adágún, ó bú okùn, ó bú ìyá okùn,
lẹ́yìn náà ó jókòó sórí koríko, ó ń rẹ́rìn-ín.
Ọdún náà la lajú mọ àìsàn rẹ̀.

"Ọgọ́sàn-án dọ́là," ni Tauno wí,
"mo lè bá ọ tì í jáde. Ọ̀dà ti wà nílẹ̀ náà."

Mo mu kọfí. Ó ti tutù.
"Bá mi ṣe èyí tí àgbọ̀nrín ṣe," ni mo wí.

Ó wò mí. Ó fa bírò yọ,
ó kọ *má fọwọ́ kàn án* sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdo yẹn,
ó sì fàlà sí i nídìí, lẹ́ẹ̀mejì.