Ọ̀kẹ́ Mẹ́rìnlá

Ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlá kìlómítà ó lé ọ̀ọ́dúnrún,
ibẹ̀ ni òǹkà rẹ̀ kú sí
lọ́jọ́ tí a la Kìlìbó kọjá nínú òjò.
Láti ìgbà náà, ìrìn tí a ń rìn
kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ìlú òtútù ni wọ́n ti kọ́kọ́ wà á.
Mo rà á ní Kútọnu, ní pápá tí iyọ̀ òkun ti ń jẹ irin,
owó kajú ọdún mẹ́ta
àti ti màlúù kan tí Àdùfẹ́ kò tíì dárí ẹ̀ jì mí.
Kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ga nílẹ̀,
bí obìnrin tó ká ìró sókè kó tó wọ odò.

Lábẹ́ àga ẹ̀yìn mo bá ìbọ̀wọ́ kan,
pupa, irun àgùntàn, ìwọ̀n ọmọ ọdún mẹ́ta,
ọwọ́ ọ̀tún nìkan.
Mi ò sọ ọ́ nù. Ọmọ ta ni?
Á ti tó ẹni tó ń bímọ báyìí.
Mo so ó kọ́ sábẹ́ dígí tí mo fi ń wẹ̀yìn.
Àwọn jàndáámù ojú ọ̀nà wò ó,
wọ́n ní, “Bàbá, kí lèyí?”
Mo dákẹ́. Wọ́n sọ okùn kalẹ̀ fún mi.
Èmi kọ́ ni mo pè é lóògùn o.

Wòrú mẹkáníìkì mọ̀ ọ́n ju dókítà mi ṣe mọ̀ mí lọ.
Á gbé etí lé e láyà,
á ní, “Ikọ́ gbígbẹ ni,”
á fi agolo tòmátì di ọ̀pá èéfín rẹ̀.
Ilẹ̀kùn apá òsì, inú nìkan ló ti ń ṣí.
Dígí ibẹ̀ kì í gòkè mọ́,
nítorí náà eruku pupa ọ̀nà Ọ̀párá
ń jókòó tì mí bí èrò tó sanwó.
Epo inú ìgò, ti ẹ̀bá títì, ló ń mu;
bí wọ́n bá bomi lù ú,
á pòṣé lẹ́ẹ̀mejì, á dúró gbagidi.

Ọmọ mi pè láti Pàrakú:
“Bàbá, ẹ tà á. Ọkọ̀ ìsinsìnyí ń sọ̀rọ̀.”
Mo ní, “Eléyìí náà ń sọ̀rọ̀.
Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́.”

Síbẹ̀ mo gbà.
Alàájì Bíò onísìmẹ́ǹtì dé lọ́jọ́ ọjà.
Ó fẹsẹ̀ ta táyà, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́,
ó kan ilẹ̀kùn bí ẹni kan ilẹ̀kùn àna.
Owó ń bẹ nínú ọ̀rá dúdú.
Ó jókòó. Ó yí kọ́kọ́rọ́.
Kẹ́-kẹ́-kẹ́.
Ó tún yí i.
Kẹ́.

Èmi mọ̀: a ó yí i díẹ̀, a ó dúró
títí iná pupa á fi kú,
a ó fi orúnkún ti abẹ́ ìdarí sókè
ká tó wá yí i tán.
Ẹnu mi ti là láti sọ ọ́
nígbà tí Alàájì nawọ́, tó fa ìbọ̀wọ́ náà,
“Ẹ yọ ìdọ̀tí yìí kí n tó sanwó.”

Mo pa ẹnu mi dé.

Ó gun sẹ́míjàn lọ, ọ̀rá dúdú lábẹ́ abíyá.
Àdùfẹ́ ń yan ẹ̀pà, kò gbójú sókè.
Ó pẹ́ kó tó ní,
“Màlúù mi ńkọ́?”

Nírọ̀lẹ́ mo yí i díẹ̀, mo dúró.
Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ wà lẹ́yìn dígí tó sán,
ìlà kan là á láàárín bí obì.
Iná pupa kú. Orúnkún mi ṣe tirẹ̀.
Ó dáhùn.

A ò lọ síbì kankan, a kàn yí ìlú po,
ìbọ̀wọ́ ń mì, eruku jókòó tì mí.
Kìlómítà mẹ́fà ni, àbí méje.
Ta ló ń kà á?