Píjò Bàbá Mi Kò Kùn Mọ́

Láti Gànmọ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀,
bí ẹni tó ń sunkún tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́,
ùùùn, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn
níbi tí èmi àti Ìyádùnní máa ń jókòó sí.
Tó bá di Ìdọ̀fìàn, ohùn náà á ga.
Tó bá di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àjàṣẹ́, ó ti di igbe.
Bàbá á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù,
á ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ."

Olùkọ́ ni bàbá mi. Owó oṣù kì í tó ásù.
Ó fi epo gíà tù ú, ó fi gírísì bẹ̀ ẹ́.
Ẹnì kan ní kó ki èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ inú rẹ̀.
Ó kì í. Ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.
Ṣùgbọ́n láti ìkọríta Òmù-Àrán
ni Màmá ti máa ń gbọ́ wa:
kí a tó yà sí àdúgbò,
omi ti hó, géètì ti ṣí.

Kọ́kọ́rọ́ ti wá di tèmi.
Mo gbé e tọ Mùyídìn Onípíjò lọ ní Gáà-Akàǹbí.
Kò béèrè nǹkan kan.
Ó ní kí n máa wà á lọ,
ó dojú bolẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn,
ó fi etí lé e.
Nígbà tó dìde, eruku ti kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.
"Ó ti jẹ eyín ara rẹ̀ tán."

Epo tó tú jáde dúdú bí àdín ìsàlẹ̀ ìkòkò,
àfi ìgbà tí oòrùn bọ́ sínú abọ́ náà,
tó ń dán yinrinyinrin.
Ráfíù ọmọṣẹ́ ti ìka bọ̀ ọ́, ó ní, "Ọ̀gá, góòlù!"
"Idẹ ni. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gé e mì."

Bóòtì mẹ́ta gbọ́ràn. Ẹ̀kẹrin kọ̀ jálẹ̀.
Wọ́n fi kẹrosíìnì rẹ ẹ́, wọ́n yáná sí i, wọ́n ṣẹ́ èpè fún un.
Wọ́n ki páìpù bọ ìdí sípánà,
ọkùnrin méjì so rọ̀ mọ́ ọn.
Mo rántí òru ọjọ́ náà. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú,
òjò ń pa wá,
Bàbá wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ń de bóòtì yìí gan-an.
Ẹni tó dè é ti lọ láti ọdún mẹ́fà,
ìdè rẹ̀ kò sì tíì tú.
Ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pá!
N kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀fà la ti rí òmíràn,
lára fóò-ó-fóò kan tí adìẹ ń yé sí lẹ́yìn ògiri.
Owó rẹ̀, ẹ má bi mí.
Mùyídìn fọwọ́ yí i, ó yí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo kọjú sílé.
Gànmọ̀, kẹ́kẹ́. Ìdọ̀fìàn, kẹ́kẹ́.
Mo ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń lu ara wọn,
mo ń gbọ́ koríko etí ọ̀nà.
Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àjàṣẹ́ mo ṣèèṣì gbẹ́sẹ̀ lórí tọ́tù.

Màmá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ojú tí kò ríran dáadáa mọ́, ó kọ ọ́ sí títì.
Géètì wà ní títì pa.
Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kí i. Ó ta gìrì.
"Ta nìyẹn?"
"Èmi ni, Màmá."
"Kí lo wọ̀ wá?"
"Píjò."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Píjò wo?"

Ásù àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀ ní Gáà-Akàǹbí, lábẹ́ dóńgóyárò.
Ẹni tó ń ra irin ti dá owó lé e lẹ́ẹ̀mejì.
N kò tíì dá a lóhùn.