Ojú Adìẹ

Ní Odògbolú, lẹ́yìn ilé epo tó ti kógbá sílé,
ni a ti ń pa adìẹ, ẹgbẹ̀rún méjì lóòjọ́.
Iṣẹ́ tèmi kò ju ojú lọ.

Ṣóyọyè ní í fi ẹsẹ̀ wọn kọ́ irin,
orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè,
ẹ̀wọ̀n á máa wọ́ wọn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́
síbi omi iyọ̀ tí iná mànàmáná ń gbé inú rẹ̀.
Orí á kan omi.
Apá á lẹ̀ mọ́ ara, ọrùn á tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja,
igbe á há sọ́fun.
Mo ka mẹ́ta. Mo ka mẹ́rin.
Bí wọ́n bá jáde, mo fìka kan ẹyinjú.
Bí kò bá ṣẹ́, mo mi orí sí Àáfà Tíjání,
ó ní Bísímílà, ọ̀bẹ rẹ̀ kọjá.

Àáfà kọ́kọ́ kọ̀ fún wa.
Ó ní òun ò ní dúńbú òkú.
A yọ ọ̀kan nínú omi, a tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ńtì níwájú rẹ̀,
a dúró.
Kí tíì rẹ̀ tó tutù, adìẹ mí kanlẹ̀,
ó dìde bí ẹni oorun ń kùn,
ó su sí bàtà Àáfà.
Àáfà rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀bẹ òun dà?

Ìyá mi àgbà ní Ìmòsàn kò mọ fóótì kankan.
Ewé kókò ló fi ń bo ojú adìẹ
kó tó tẹ apá rẹ̀ mọ́lẹ̀.
Mo bi í pé, ta ni ewé yìí wà fún,
adìẹ ni, àbí ẹ̀yin?
Ó ní, "Gé àlùbọ́sà rẹ."

Lọ́jọ́rùú tó kọjá, jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ bí arúgbó inú ọyẹ́,
abẹ́rẹ́ ojú mítà ń gbọ̀n, ó ń wálẹ̀,
ẹ̀wọ̀n ò dúró.
Pupa kan jáde, ara rẹ̀ le gan,
kò jà, kò ké.
Mo fìka kàn án lójú.
Ó ṣẹ́jú.
Ó tún ṣẹ́ ẹ.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo irin dúró,
ogójì adìẹ ń mì lókè bí aṣọ lórí okùn.
Ọ̀gá Odùbẹ̀sàn ń pariwo,
ọlọ́kọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ń fọn fèrè níta.
Wọ́n ní mo fowó ṣòfò. Òótọ́ ni.
Kókò ò hù lórí sìmẹ́ńtì;
àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi bo ojú rẹ̀.
Ìpéǹpéjú kékeré yẹn ń kàn mí lọ́wọ́, ó ń kàn mí,
títí Ṣóyọyè fi tún iná tàn.