Òrùka Inú Àwo

Ọyẹ́ ń ha fèrèsé ní Sàmárù.
Ewé tí Màmá fi ránṣẹ́ láti Òmù-Àrán,
mo sá a, mo rẹ ẹ́ sínú ọtí líle,
mo kán an sáàárín kòkòrò àrùn
tí a gbà lójú egbò ọmọ Tàní.
Iná lọ lóru; jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó dìde.

Láàárọ̀, mo ṣí àwo.
Kòkòrò jókòó ti ewé Màmá
bí àlejò tó bá oúnjẹ nílẹ̀.
Ṣùgbọ́n orín ayìn tí Gàmbò máígádì ń rún lẹ́nu
fa òrùka kan: inú rẹ̀ mọ́ gaara.
Rúlà ní mílímítà mẹ́tàdínlógún.

Níwájú Òmù-Àrán, mo kọ òdo.
Mo pe Màmá.
Àlàáfíà rẹ̀ nìkan ni mo béèrè.