Iwe àti Ìwé

Wọ́n dá ìwé mi padà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.
Mo kà á lójú fóònù, nídìí jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́,
nílé ìwòsàn wa ní Ìdó, kùrukùru ò tíì ká lórí òkè.
"Iṣẹ́ yìí dára," ni wọ́n kọ́kọ́ wí.
Ẹni tó fẹ́ gbá ọ létí a máa kọ́kọ́ fọwọ́ pa ọ́ lórí.
"Ṣùgbọ́n ènìyàn mọ́kànlá kéré jù.
Ẹnì keje ńkọ́, tí ẹ kọ síwájú rẹ̀ pé: a ò rí i mọ́?"

Iwe, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní kíndìnrín,
ni mo gbà lára ẹnìkan fi sára ẹlòmíì.
Ìwé ni mo kọ nípa rẹ̀.
Ohùn nìkan ló yà wọ́n.
Èkíní ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ìyá mi ṣe ń sẹ́ ògì, kì í béèrè nǹkan kan;
èkejì ń béèrè ẹ̀rí, ó tún ń béèrè ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là
kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.
Oṣù mélòó nínú owó iṣẹ́ mi nìyẹn? Mo ṣíwọ́ ìṣirò.

Mọ́kànlá kéré. Mo gbà.
Lọ́hùn-ún, láti orí ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà.
Lọ́hùn-ún, kíndìnrín ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó lòde,
àti ẹ̀rọ tó ń mú ẹ̀dọ̀ gbóná títí ilẹ̀ fi mọ́.
Mo ń kà wọ́n lóru, inú mi ń dùn,
bí ọmọ tó ń wo iyán ilé ẹlòmíì láti ojú fèrèsé.
Ní tèmi, dísù ni mò ń kọ́kọ́ wọ̀n
kí n tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wọkọ̀ dé Adó,
mo gun ọ̀kadà gba Ìlawẹ̀ kọjá sí Ìkọ̀gọ̀sì,
fáìlì keje nínú àpò mi, eruku lẹ́nu mi.
Fásuyì, bíríkìlà, ọmọ ọdún méjìdínlógójì.
Mo rántí ìgbà tí ìtọ̀ kọ́kọ́ ṣàn nínú rọ́bà,
tí gbogbo wa ní tíátà pariwo
bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n.

Bọ́sẹ̀dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ń sá kòkó níwájú ilé.
Kò dìde. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn. Ẹ pẹ́."
Ó fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí mo ti là á.
"Oṣù Òkúdù ni. Oògùn ti di ìlọ́po mẹ́ta.
Ó ń gé e sí méjì. Nígbà tó yá, ó ń gé ààbọ̀ sí méjì.
Ẹ wí fún wa nígbà náà pé omi gbígbóná àti omi tútù
ń pàdé nílùú yìí, wọn ò pa ara wọn,
pé bẹ́ẹ̀ ni ara èmi àti tirẹ̀ yóò rí.
Òótọ́ lẹ sọ. Ara rẹ̀ gbà mí.
Owó ni kò gbà.
Omi yẹn kì í ra oògùn lóṣooṣù, dókítà."
Ó fẹsẹ̀ tú kòkó náà ká.
"Mo ti sin díẹ̀ nínú ara mi.
Ìyókù ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí."

Lóru, mo ṣí àtẹ kejì, ìlà keje.
Mo pa "a ò rí i mọ́" rẹ́.
Mo kọ ọ́: Ó kú. Oògùn wọ́n.
Mo pa "oògùn wọ́n" rẹ́; wọ́n á ní èdè ọjà ni.
Mo tún kọ ọ́ padà.

Ilẹ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè wá.
A mọ̀ ọ́n kà.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́kànlá kéré jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà:
méjìlélógún ni wọ́n,
bí ẹ bá ka àwọn tó fún wọn mọ́ ọn.

Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.
Iná lọ.
Mi ò mọ̀ bóyá ó dé.