Sí Ọmọlangidi Tó Kọ́kọ́ Jókòó Níbẹ̀

Ìwọ tí o kò lórúkọ,
tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú àti ọ̀dà pupa rúsúrúsú
sàmì sí lẹ́bàá etí
bí igi tí agégẹdú ti yàn,
èmi Lásísì, tólíà lẹ́yìn Àkábà Ìdènà ní Kétu,
ni mo kí ọ.
Ọkọ̀ tí wọ́n ti pa ọ́ ti dé ọ̀dọ̀ mi.

Kì í ṣe òun gan-an. Àbúrò rẹ̀ ni:
ojú ààrò kan náà ni wọ́n ti rọ àwọn méjèèjì,
ilẹ̀kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan náà,
tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á wọlé, á tún jáde
bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé.
Ó gba orí òkun dé Kútọnu, ó gba Pọ́bẹ̀ gòkè wá,
pẹ̀lú bàtà ọmọ ọlọ́mọ, ẹsẹ̀ kan,
tó há sábẹ́ ìjókòó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Líọ̀n ló fi fídíò rẹ ránṣẹ́.
Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà.
O jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ méjèèjì lórí sitẹrin,
bẹ́líìtì gba àyà rẹ kọjá bí ọ̀já.
Ògiri dé.
Bọ́nẹ́ẹ̀tì ká bí ewé ẹ̀kọ,
gíláàsì ẹ̀gbẹ́ dà sílẹ̀ bí iyọ̀,
òpó tó gbé òrùlé dúró tẹ orúnkún,
sitẹrin sì dìde wá pàdé rẹ lẹ́nu.
Ọrùn rẹ lọ, ó bọ̀.
Lẹ́yìn náà àwọn aláṣọ funfun mú tépù wá,
wọ́n wọn àyè tó kù fún ẹsẹ̀ rẹ,
wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.
Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún.
Ẹnikẹ́ni kò ké. Ta ni ìyá rẹ tí yóò ké?

Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyí.
Tìrẹ, tuntun ni, kò tíì dógùn-ún,
ìwọ àti ẹnìkejì rẹ nìkan lẹ wà nínú rẹ̀.
Èyí tó wà níwájú mi, èèyàn mẹ́jọ ni Mọísì Agbóọlá fi ń kó
láti Kétu dé Ìlárá lọ́jọ́ ọjà,
ṣágo kpáyò méjì lẹ́sẹ̀ ìyá arúgbó,
ewúrẹ́ nínú bùútù, tí wọ́n so,
mo fi Ọlọ́run búra, tí wọ́n fi bẹ́líìtì ẹ̀yìn so
lẹ́yìn tí wọ́n tú u kúrò lára ìjókòó.
Ìràwọ̀ mélòó nìyẹn?

Lóṣù tó kọjá ó yà fún sẹ́míjàn kan,
ó lọ fi imú gún igi dóńgóyárò.
Eré rẹ̀ kò tó ìdajì tìrẹ.
Eyín Mọísì méjì. Orúnkún ìyá náà.
Ewúrẹ́ ń jẹko nígbà tí a débẹ̀.

Ó ní, "Tólíà, bá mi nà án kó dà bí ti tẹ́lẹ̀."
Mo lè nà án. Òòlù mi á rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún,
màsítíìkì á bo àpá, ọ̀dà á tàn lójú oòrùn.
Ṣùgbọ́n irin kì í gbàgbé ibi tó ti kọ́kọ́ ká.
Níjọ́ tó bá tún pàdé igi,
ibẹ̀ náà ni yóò gbà wọlé bí ẹni mọ̀nà ilé.

Mo sọ fún un. Ó fi àlàfo eyín rẹ́rìn-ín:
"Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ọkọ̀."
Ó ní kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ sẹ́yìn.
Mo kọ ọ́.

Lálẹ́ àná mo rí bẹ́líìtì náà nínú bùútù,
irun ewúrẹ́ ṣì wà lára rẹ̀.
Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo dè é padà sí àyè rẹ̀.
N kò ní gbowó rẹ̀.
Mo jókòó lẹ́yìn, níbi tí ìyá yẹn máa ń jókòó sí,
mo fà á kọjá àyà mi, mo ki ara síwájú lójijì.
Ó gbá mi mú.
Níbi tí gíláàsì iwájú yóò wà, òkè ọ̀run ló wà.
Mo ka ìràwọ̀ dé mọ́kànlá
kí ìyàwó mi tó pè pé ọbẹ̀ ti tutù.